Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan ń lo oògùn olóró nílé iṣẹ́ iná núkílíà: ohun tó yẹ kí ọ̀gá ṣe láti wákàtí kìíní

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ iná núkílíà l'Amẹ́ríkà, bóyá South Texas Project lẹ wà nítòsí Bay City ní Texas, bóyá Vogtle ní Georgia, àbí ẹ wà lára àwọn kọntirákítọ̀ tó ń tẹ̀lé outage (àsìkò tí wọ́n ń pa pláǹtì láti tún un ṣe) kiri láti pláǹtì kan sí òmíì, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín ṣe ọ̀gá lórí àwọn kan ni. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan á fà yín sí kọ̀rọ̀, á ní "lágbájá yẹn, ó jọ pé ó ń mu nǹkan o". Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe láàárín wákàtí kan sígbà yẹn ló máa ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà á lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ àbí ó máa di ẹjọ́.

Àwa Yorùbá, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni pé ká bo ọmọ ọlọ́mọ láṣìírí. Ká pè é sẹ́yìn ilé, ká bá a wí, kó lọ sùn, kó padà wá lọ́la. Mo mọ̀ pé àánú ló ń mú wa ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú pláǹtì núkílíà ṣá, ìyẹn gan-an ló máa ń kó bá èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn àti ọ̀gá tó bò ó. Òfin tó wà nílẹ̀ ní ọ̀nà tiẹ̀ tó fi ń bo àṣírí èèyàn, ó sì dáa ju tiwa lọ, àmọ́ àfi tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà yẹn.

Òfin náà ni 10 CFR Part 26. NRC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ núkílíà fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1989, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 3, 1990. FFD (fitness for duty) ni gbogbo èèyàn ń pe ètò náà nínú pláǹtì, ìyẹn ni pé ṣé ara àti ọpọlọ ẹni yìí yá fún iṣẹ́ tó wà níwájú ẹ̀. Ẹ má rò pé igbó àti kokéènì nìkan ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 1987, NRC ní kí wọ́n ti pláǹtì Peach Bottom pa ní Pennsylvania torí pé wọ́n rí i pé àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ rìákítọ̀, ẹ̀rọ tí agbára núkílíà ti ń wá, ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ oorun ni wọ́n torí ẹ̀ tì í o. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà kọ lọ́dún 2008, wọ́n fi ọ̀rọ̀ àárẹ̀ àti iye wákàtí téèyàn lè ṣiṣẹ́ kún un. Pláǹtì kọ̀ọ̀kan sì ní ìlànà tiẹ̀ tó kọ sílẹ̀, ó lè le ju tìjọba lọ, kò kàn lè rọ̀ jù ú lọ ni. Ẹ lọ wá tiyín kà lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ̀sùn bá dé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gbọ́ ọ tán, kẹ́ ẹ mọ irú ẹ̀sùn tó jẹ́

Gbogbo ẹ̀sùn kọ́ ló ń gba ọ̀nà kan náà. Nígbà míì ẹ̀yin fúnra yín lẹ rí ọkùnrin náà tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu ẹ̀, tí ojú ẹ̀ pọ́n. Nígbà míì ẹlòmíì ló rí i tó wá sọ fún yín. Ó sì lè jẹ́ nǹkan ni wọ́n rí, bíi igbó nínú lọ́kà tàbí ìyẹ̀fun funfun nínú ọ̀rá kékeré ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ìkẹrin ni pé kí ẹni náà fúnra ẹ̀ wá bá yín pé òun nílò ìrànlọ́wọ́, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, màá dé orí ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá tuntun ò mọ̀ ni pé kò dìgbà tẹ́ ẹ bá fojú ara yín rí i. Òfin sọ pé ohun méjì ló lè mú kí wọ́n ní kí èèyàn wá ṣe tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní for-cause: ìwà tàbí ìrísí ara tó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó ti lo nǹkan, tàbí ìròyìn tó ṣeé gbà gbọ́ pé ó ń lò ó. "Tó ṣeé gbà gbọ́" yẹn ni iṣẹ́ wà. Bí ẹnì kan bá ní "gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ó ń fa igbó", àhesọ nìyẹn. Bó bá ní "lánàá lẹ́yìn shift, níbi tá à ń gbé mọ́tò sí, mo rí i tó ń fa igbó nínú mọ́tò ẹ̀, èmi àti ẹnì kan jọ rí i", ọ̀rọ̀ ti ní orí àti ìdí.

Torí náà, ẹ bi ẹni tó wá sọ ọ́ ní ìbéèrè kéékèèké: kí lo rí, kì í ṣe kí lo rò? Níbo? Ìgbà wo? Ta ló tún wà níbẹ̀? Ṣé o rí i fúnra ẹ ni àbí wọ́n sọ fún ẹ? Ẹ má bi í pé "ṣé ìwọ àti ẹ̀ ò jà?" lójú ẹsẹ̀, torí á dà bíi pé ẹ fẹ́ gbé ẹjọ́ padà sórí olùfisùn. Lóòótọ́ ìkùnsínú wà, pàápàá nígbà outage táwọn èèyàn ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́ tí orí gbogbo wọn ti gbóná, ẹlòmíì sì lè fẹ́ fi ẹ̀sùn gbẹ̀san. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì FFD ló ní iṣẹ́ láti wọn ìyẹn wò. Tiyín ni kẹ́ ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn lódindi, kódà kó jọ ìsọkúsọ létí yín. Ọ̀gá tó bá dá a rò pé "èyí ò lè jẹ́ òótọ́" tó sì jù ú nù ti gbé iṣẹ́ tí wọn ò gbé fún un rù.

Ẹ má sì ṣèlérí fún olùfisùn pé "kò sẹ́ni tó máa mọ̀". Ẹ sọ fún un pé àwọn tọ́rọ̀ kàn nìkan lẹ máa sọ fún. Ìyẹn lẹ lè mú ṣẹ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀

Tí àmì bá wà lára èèyàn náà báyìí báyìí, ẹ má dúró de èsì kankan. Ẹ mú ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé yàrá tí wọ́n ti ń darí rìákítọ̀ ló wà, ẹ ò kàn lè ní kó dìde, ẹlòmíì tó ní láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ kọ́kọ́, torí iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní òfin tiẹ̀. Ẹ pe shift manager, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí gbogbo pláǹtì lásìkò yẹn.

Kẹ́ ẹ tó ronú oògùn olóró rárá, ẹ ronú àìsàn. Ẹni tí ṣúgà ẹ̀ já wálẹ̀ lójijì lè máa gbọ̀n, kó máa sọ ìsọkúsọ, kó máa bínú láìnídìí. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ẹ̀ ti le gan-an lè máa rùn lẹ́nu bíi ẹni tó mutí. Rọpárọsẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ́ lẹ́nu èèyàn, kí ẹnu ẹ̀ wọ́ sápá kan. Tẹ́ ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, àwọn oníṣègùn pláǹtì lẹ máa pè ṣáájú gbogbo nǹkan, tẹ́ẹ̀sì lè dúró, rọpárọsẹ̀ ò ní dúró. Àárẹ̀ náà wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ pé àìsùn ló ń ṣe é, òfin ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ àárẹ̀ wò lọ́tọ̀.

Ẹ pe ọ̀gá kejì kó wá wo ohun tẹ́ ẹ rí. Gbogbo ẹni tó ní báàjì láti máa dá wọlé ló ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń kíyè sí ìwà ẹlòmíì, torí náà kì í ṣe ọ̀gá kejì tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó máa gbè yín nìkan lẹ máa pè. Ojú méjì dáa ju ẹyọ kan lọ, ó ń dáàbò bo ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó sì ń dáàbò bo ẹ̀yin náà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú gbogbo èèyàn. Ẹ má lo ọ̀rọ̀ bíi "o ti mugbó". Ká ní ọmọ Yorùbá bíi tiyín ni, tó sì jù yín lọ lọ́jọ́ orí (ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ àtàwọn kọntirákítọ̀), ẹ lè ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ rìn lọ sí ọ́fíìsì. Mo kíyè sí i pé ẹsẹ̀ yín ò dúró dáadáa láàárọ̀ yìí, ìlànà sì ní tí mo bá ti rí irú ẹ̀, kí n mú yín lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Mi ò sọ pé ẹ ṣe nǹkan kan o." Ó tán. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹ gbọ́, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má bi í ní ìbéèrè ọlọ́pàá. Tó bá sọ fún yín pé òun lo oògùn kan tí dókítà kọ, ẹ ní kó sọ fún àwọn tó máa pè é lẹ́yìn tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀yin ò nílò ẹ̀.

Látìgbà yẹn, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ má jẹ́ kó lọ "yára mú nǹkan nínú mọ́tò", ẹ má sì jẹ́ kó fúnra ẹ̀ wa mọ́tò lọlé. Ẹ wá ẹni tó máa gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà lójú yín

Ẹ kọ aago, ibi, àti ohun tí ojú rí, etí gbọ́, imú gbọ́. "Ó ti yó" kì í ṣe ohun téèyàn rí, ìdájọ́ ni. "Aago 6:40 àárọ̀, ó fi ọwọ́ di ògiri mú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé tábìlì, mo pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn", ìyẹn ni wọ́n ń fẹ́. Kí ọ̀gá kejì kọ tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má jókòó papọ̀ kọ ọ́ bíi àdàkọ.

Tó bá jẹ́ nǹkan lẹ rí, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé e pamọ́ sí dúrọ́ọ̀ yín. Ẹ dúró tì í, ẹ pe ẹ̀ṣọ́. Ẹ má yẹ báàgì ẹnikẹ́ni wò, ẹ má ṣí lọ́kà, àwọn tó ní àṣẹ yẹn wà.

Ìgbésẹ̀ 4: Tẹ́ẹ̀sì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn wa máa ń já sí.

Àkọ́kọ́ ná, ẹ má fi for-cause ṣe random. Mo mọ àwọn ọ̀gá tó máa ń rò ó pé "ẹ jẹ́ ká kàn fi orúkọ ẹ̀ sínú random ti ọ̀sẹ̀ yìí, kò ní mọ̀ pé òun la fẹ́ mú". Rárá o. Random ni kọ̀ǹpútà máa ń mú láìwo ojú ẹnikẹ́ni, iye tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń ṣe lọ́dún gbọ́dọ̀ tó ìdá 50 nínú 100 àwọn tó wà nínú ètò náà ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yan èèyàn sínú ẹ̀, ẹ ti ba ètò náà jẹ́, ẹ sì ti fún agbẹjọ́rò ẹni náà ní oúnjẹ.

Ọtí: wọ́n á ní kó fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ pé òórùn ọtí nìkan lẹ gbọ́, tí kò sí àmì míì rárá, tẹ́ẹ̀sì ọtí nìkan ni òfin ní dandan. Tí ìwọ̀n ọtí tí ẹ̀rọ náà fi hàn bá jẹ́ 0.04 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti já, ìyẹn ni pé kò yege. Àmọ́ kò tán síbẹ̀: ẹni tó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 1 ó kéré tán, 0.03 ti tó láti já a, ẹni tó bá ti lo wákàtí 2, 0.02 péré. Ìdí ni pé ara ti ń pa ọtí yẹn run díẹ̀díẹ̀ látìgbà tó ti wọlé, torí náà 0.02 lẹ́yìn wákàtí 2 túmọ̀ sí pé ó ga jù bẹ́ẹ̀ nígbà tó dé. Ẹ wá rí ìdí tí ò fi yẹ kẹ́ ẹ jókòó máa gbìmọ̀ fún odindi wákàtí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó mú un lọ.

Òfin sì ní kéèyàn má fẹnu kan ọtí fún wákàtí 5 kí iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ara wa: agbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ bóyá ẹ mu ún láti fi wo jẹ̀dí ni tàbí ẹ fi gbádùn ara yín. Àwọn kan máa ń mu ife kan láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde nílé, wọ́n á ní egbòogi ni. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn ọmọ Yorùbá, ẹ sọ ọ́ fún wọn níjọ́ tí kò sí wàhálà.

Ní ti oògùn olóró, ìtọ̀ ni wọ́n máa ń gbà jù. Wọ́n á gba ohun tó wà lápò àti báàgì ẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé, wọ́n á da nǹkan aláwọ̀ sínú omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì kó má bàa bù ú. Ìtọ̀ náà gbọ́dọ̀ tó mílílítà 30, ó sì gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ara jáde, láàárín ìwọ̀n 32 sí 38 lórí Celsius. Tí kò bá sí láàárín ìyẹn, wọ́n á gba òmíì, lọ́tẹ̀ yìí ẹnì kan tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin á dúró máa wò ó. Ẹni tí ìtọ̀ ò bá wá, wọ́n máa ń fún un lómi, wọ́n sì máa ń fún un tó wákàtí 3.

Ohun tó burú jù níbí ni kéèyàn kọ̀ láti ṣe tẹ́ẹ̀sì, tàbí kó gbé ìtọ̀ ẹlòmíì wá. Ẹni tí tẹ́ẹ̀sì bá já fún ìgbà àkọ́kọ́ ṣì lè padà síṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó kọ̀, tàbí tó fẹ́ fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gba tẹ́ẹ̀sì kọjá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí láé ni. Torí náà tí ẹnì kan bá ń sọ fún yín pé òun ò ní ṣe é, ẹ má dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú, ẹ kàn sọ ohun tí kíkọ̀ máa fà fún un kedere, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Dídúró de èsì

Láàbù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ni ìtọ̀ ń lọ. Tí láàbù bá rí nǹkan, kì í ṣe ọ̀gá ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè o, dókítà kan tí wọ́n ń pè ní MRO ni. Dókítà yẹn ló máa bá òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ pé ṣé ìdí kan wà tí nǹkan yìí fi wà nínú ara ẹ, ṣé dókítà ló kọ ọ́ fún ẹ, níbo ni ìwé ẹ̀ wà. Ìgbà tí MRO bá ti parí tiẹ̀ ló tó di pé wọ́n lè ní tẹ́ẹ̀sì já. Òṣìṣẹ́ náà sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 3 láti ìgbà tí MRO bá ti sọ fún un láti bèèrè pé kí wọ́n tún ìtọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹ rí i dájú pé ó mọ ẹ̀tọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ò mọ̀.

Igbó ni wọ́n máa ń wá, kokéènì, àwọn oògùn tó jẹ́ ọmọ ìyá heroin, amphetamine àti PCP. Àtúnṣe tí NRC ṣe sí òfin náà ní November 2022 ti fi àwọn oògùn ìrora bíi hydrocodone àti oxycodone kún un. Codeine wà níbẹ̀ tipẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní oògùn ikọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ lọ ka ara ìgò yẹn dáadáa. Ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de oògùn ikọ́ oní-codeine lọ́dún 2018. Tramadol kò sí lára àwọn tí òfin àpapọ̀ sọ dandan, àmọ́ ilé iṣẹ́ lè fi kún tiwọn. Oògùn tí wọ́n kọ fún ìyàwó yín tẹ́ ẹ wá mu nítorí ẹ̀yìn ń dùn yín, ìyẹn kì í ṣe oògùn yín, ẹ má rò pé MRO á fojú fò ó.

Igbó wá ni ti gbogbo ìgbà: "ṣebí ó ti bófin mu ní ìpínlẹ̀ wa?" Ó lè bófin mu ní ìpínlẹ̀ yín, òfin àpapọ̀ ni pláǹtì ń tẹ̀ lé. Ìwé dókítà tó ní kéèyàn máa lo igbó ò ràn án lọ́wọ́ lọ́dọ̀ MRO.

Ní gbogbo àsìkò yìí ẹni náà ò ní ṣiṣẹ́, títí tí wọ́n á fi sọ pé ara ẹ̀ yá. Tí èsì bá dára, ẹ gbà á padà bí èèyàn gidi. Ẹ má tọ́jú ìwé kan pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nípa ẹ̀, ẹ má gbé e lọ síbi iṣẹ́ tó burú jù.

Ìgbésẹ̀ 6: Tó bá já

Ọ̀gá ò fọwọ́ ara ẹ̀ yan ìyà, òfin ti sọ èyí tó kéré jù. Ìgbà àkọ́kọ́: wọ́n á gba báàjì lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọjọ́ 14 ó kéré tán. Tó bá tún ṣẹ̀, ọdún 5. Ẹni tí wọ́n bá mú tó ń ta oògùn olóró, tó ń lò ó tàbí tó gbé e sọ́wọ́ nínú protected area, ìyẹn àárín ọgbà tí wọ́n ń ṣọ́ yẹn, ọdún 5 ló máa bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀. Tó bá padà wá lẹ́yìn ọdún 5 tó tún ṣẹ̀, ó parí.

Àwọn kan rò pé àwọn gbọ́n, wọ́n á kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lé wọn. Òfin ti rí wọn tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá kọ̀wé sílẹ̀ nítorí irú ẹ̀ náà á gba ọdún 5. Àwọn pláǹtì sì ń pín àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n gba báàjì lọ́wọ́ wọn, kò sí pé èèyàn já ní Georgia kó lọ gba iṣẹ́ ní Texas bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní kíá, ẹ ò ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún un ni pé ó lè ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, àwọn tí kò lọ́wọ́ nínú ìpinnu àkọ́kọ́ ló sì máa gbọ́ ọ. Tó bá máa padà, amòye lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fún un ní ìtọ́jú tó bá nílò ẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á máa ṣe tẹ́ẹ̀sì fún un lemọ́lemọ́ láìsọ fún un tẹ́lẹ̀.

Nǹkan míì tí wọ́n máa ń gbàgbé: iṣẹ́ tó ti ṣe ńkọ́? Fáàfù tó ṣí, ìwé tó fọwọ́ sí, ìwọ̀n tó kọ sílẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ẹ jókòó ti àwọn ẹ̀ka tó yẹ, kí wọ́n lọ yẹ̀ wọ́n wò. Ìyẹn ló ní í ṣe pẹ̀lú ààbò àwọn ará ìlú, tẹ́ẹ̀sì nìkan ò tó.

Ìròyìn sí NRC

Ilé iṣẹ́ ló máa pè, ẹ̀yin kọ́. Tó bá jẹ́ pé oògùn olóró wà nínú protected area, tàbí pé ọ̀rọ̀ kan ọ̀gá tàbí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì láti darí rìákítọ̀, tàbí wọ́n fẹ́ dabarú tẹ́ẹ̀sì, NRC gbọ́dọ̀ gbọ́ láàárín wákàtí 24. Aago yẹn ti ń sáré nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń rò ó pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Mọ́ńdè.

Tó bá jẹ́ ẹni náà ló wá fúnra ẹ̀

Èyí ló wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Gbogbo pláǹtì gbọ́dọ̀ ní ètò ìrànlọ́wọ́ fún òṣìṣẹ́, EAP. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án, wọ́n á bò ó láṣìírí, wọn ò ní sọ fún ọ̀gá ẹ̀, àfi tí ipò tó wà bá lè ṣe òun tàbí ẹlòmíì ní jàǹbá. Àmọ́ kì í ṣe ibi téèyàn ń sá sí nígbà tí wọ́n ti ní kó wá ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tí ọmọ iṣẹ́ yín bá ń yọ́ bá yín sọ̀rọ̀ pé nǹkan ò lọ dáadáa, pé òun ti ń mu jù, ẹ fún un ní nọ́ńbà EAP lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ bá a jókòó kó pè. Tó bá wá jẹ́ pé ó ti mu ún wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìgbésẹ̀ 2 lẹ padà sí, kò sí ọ̀nà míì.

Olùfisùn, àtàwọn tó máa wá bẹ̀bẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó sọ ohun tó rí. Òfin NRC dáàbò bò ó, tí wọ́n bá lé e níṣẹ́ tàbí dín owó ẹ̀ kù nítorí ẹ̀, ó ní ọjọ́ 180 láti gbé ẹjọ́ lọ sí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ ọ̀gá àgbà ló ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yin àti olùfisùn lè lọ bá NRC tààrà, ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri ní gbogbo pláǹtì, Form 3 ni wọ́n ń pè é.

Àwọn tó máa bẹ̀bẹ̀ wá ńkọ́. Tẹ́ ẹ bá jọ jẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú kan náà, ẹ retí wọn. Ìyàwó ẹ̀ á pè, pásítọ̀ á pè, alága ẹgbẹ́ ìlú yín á pè lálẹ́ Sátidé: "Àbúrò, ẹ bá wa fojú fò ó, ọmọ mẹ́ta ló ní." Ohùn wọn á dùn yín. Lóòótọ́ kò sí lọ́wọ́ yín mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, torí "kò sí lọ́wọ́ mi mọ́" ti sọ fún wọn pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àkọsílẹ̀ tẹ́ẹ̀sì wà lábẹ́ àṣírí, ẹ ò lè sọ pé wọ́n ṣe é, ẹ ò lè sọ pé wọn ò ṣe é, ẹ ò sì lè sọ pé ó yege kẹ́ ẹ lè fi tù wọ́n nínú. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ béèrè àlàáfíà ọmọ, kẹ́ ẹ wá ní: "Ẹ má bínú, mi ò kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ wa, ẹ bi òun fúnra ẹ̀." Tí wọ́n bá bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Bákan náà nínú pláǹtì. Táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń bèèrè pé lágbájá dà, ìdáhùn ni pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, lámọrín ló máa bá wọn ṣe shift yìí, kẹ́ ẹ sì pín iṣẹ́.